Ewúrẹ́ Ni Wọ́n Kó Wa Lọ Wò

Òbí tó bá fẹ́ tan ọmọ rẹ̀ lọ síbi tí ọmọ náà ò fẹ́ lọ, áísìkiriìmù ni yóò kọ́kọ́ rà fún un. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe tèmi, méjì ni bàbá mi rà fún mi, bàbá tó jẹ́ pé bí a bá sọ fún un níta pé òùngbẹ ń gbẹ wá, á ní omi wà nílé.

Hillcrest Heights, lẹ́bàá DC nílùú òyìnbó, la ń gbé nígbà náà, nínú ilé oníyàrá méjì kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí a ti máa ń gbọ́ ikọ́ aládùúgbò wa láti ara ògiri. Dádì ń wa tákísí ní DC. Mọ́mì ń ṣe nọ́ọ̀sì, bàtà funfun rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà la sì máa ń rí ju òun fúnra rẹ̀ lọ, nítorí bó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, á sùn, bó bá jí, á tún lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sì mọ nǹkan kan láyé yìí ju géèmù ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹnì karùn-ún wa ni Màmá, ìyá tó bí Dádì, tó ti Ìbàdàn wá bá wa nígbà òtútù, tó sì máa padà sílé bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi.

Ohun tó wà nílẹ̀ ò lọ́jú pọ̀. Wọ́n fẹ́ kí n bá Màmá lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n sì fi mí síbẹ̀. Kí n máa gbé ibẹ̀, kí n máa lọ sílé ìwé níbẹ̀, títí orí mi á fi pé. Ìsinmi ni wọ́n sọ fún mi pé mò ń lọ. Wọ́n ní n ó rí àwọn mọ̀lẹ́bí, n ó jẹ mángòrò, kí ilé ìwé tó wọlé, n ó ti dé.

Kí ẹnikẹ́ni nínú àwa Yorùbá tó wà ní agbègbè wa yìí, Prince George's, má wulẹ̀ díbọ́n pé òun ò mọ àṣà yìí. Bí ọmọ bá ti ń gbó òbí lẹ́nu, bí ṣòkòtò rẹ̀ bá ti ń já wálẹ̀ ní ìdí, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ fi ìyá àgbà hàn án. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ ni ti òbí, àlọ nìkan ni ti ọmọ. Ọmọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa tó bá àwọn òbí rẹ̀ lọ ṣe Kérésìmesì nílé. Ìgbà tí a óò tún fojú kàn án, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n rẹ̀, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tó fi mọ́ ọkùnrin tó ń bá wa nu ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn òbí wa ń wò ó, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní ẹ wo ọmọ bó ṣe yanjú.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni pé mo sọ òtítọ́. Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá abọ́ àná nínú síǹkì, ó sì fi orógùn gbá mi lápá. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe èyí tó dùn mí jù. Ṣùgbọ́n apá mi wú, tíṣà mi rí i, ó béèrè, mo sì dáhùn. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè ọ̀rọ̀, ṣé kì í dáhùn ni? Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi ti ọ́fíìsì ìjọba wá sílé wa. Ó fi káàdì kọ́rùn, ó jókòó sórí àga wa, ó ṣí fíríìjì wa, ó wo ibi tí à ń sùn, ó sì bi àbúrò mi bóyá nǹkan kan máa ń bà á lẹ́rù nílé. Àbúrò mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà sún mọ́ ọn, ó ní kí ni. Ọmọ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ni. Mọ́mì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ń ká ọwọ́ sẹ́yìn fún ẹni tí kò tó àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ orí.

Obìnrin náà lọ, kò sì padà wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tán. Mọ́mì ń bẹ̀rù pé wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Fún ọjọ́ púpọ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ ju kí ó ní kí n jẹun, kí n lọ wẹ̀. Dádì ní tirẹ̀ wá rí òwe kan tó ń jẹ bí ẹni jẹ obì: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé wo la kọ́? Ilé háyà la wà. Ilé tí wọ́n ń lálàá rẹ̀ wà ní Lake Arbor, ibi tí Dádì máa ń wa mọ́tò gbà kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè, kí a lè máa wo ẹnu ọ̀nà àwọn onílé.

Ohun kan wà tí wọn ò mọ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo gbọ́ Yorùbá.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá àwa ọmọ sọ. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ohun tí kò kàn wá, ọ̀rọ̀ owó, ìjà, ọmọ ta ló lóyún, Yorùbá ni wọ́n á yí sí, lójú wa báyìí, lórí tábìlì oúnjẹ. Èdè tó yẹ kí wọ́n fi tọ́ wa, kọ́tìnnì ni wọ́n fi ṣe. Wọ́n á tún wá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa ráhùn pé àwọn ọmọ yìí ò gbọ́ Yorùbá. Ta ló yẹ kó kọ́ wa, aládùúgbò oníkọ́ ni?

Màmá ló kọ́ mi. Yàrá wa ni wọ́n fi í sí, kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, Dádì àti Mọ́mì kì í sì í sí nílé. Bí mo bá bu omi fún un láìkúnlẹ̀, á wo omi náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ tí mi ò sọ̀rọ̀, á ní ṣé odi ló bu omi wá fún òun ni. Lálaalẹ́, á máa sọ̀rọ̀ títí oorun á fi gbé e: ẹni tó gbé e níyàwó, ẹni tó jí i ládìyẹ, ẹni tó kú tí inú òun dùn. Kí yìnyín tó yọ́ tán lójú títì, mo ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí igi tó rúwé, mo ti ń dá a lóhùn. Mi ò sọ fún Dádì àti Mọ́mì. Ọmọ tó bá rí ihò lára kọ́tìnnì, ṣé á pe àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n wá rán an? Màmá náà ò sì sọ fún wọn. Mo rò pé apá kan náà ni èmi àti òun jọ wà.

Ní Sátidé kan, Dádì ní a ń lọ wo ẹranko, kí Màmá lè fojú ara rẹ̀ rí kìnnìún kó tó lọ sílé. Ó ní ti DC tóbi jù, kò síbi tí èèyàn á gbé mọ́tò sí, pé ìlú kékeré kan wà lọ́nà jíjìn tó ní ọgbà ẹranko tirẹ̀. Mọ́mì gba ààyè níbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí ara fu mí. Ó din adìyẹ, ó se ìrẹsì, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà, ó tiẹ̀ tún di irun mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ lórí mi.

Nínú mọ́tò, èmi jókòó sẹ́yìn Dádì, Màmá wà láàárín, àbúrò mi wà létí fèrèsé kejì pẹ̀lú géèmù rẹ̀. A ò tíì jìnnà tí Mọ́mì fi bẹ̀rẹ̀. Ó fi Yorùbá sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí òun sùn, pé òun ń rò ó pé bí ọmọ bá jí lọ́jọ́ kan tó rí i pé àwọn ti lọ, kí ló máa rò nípa àwọn? Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ sọ fún un."

Dádì ní, "Kó lè lọ sọ fún tíṣà ẹ̀? Kí wọ́n fi ọlọ́pàá dá wa dúró ní èèpọ́ọ̀tù? Tó bá débẹ̀, á mọ̀ pé òun ti débẹ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé epo mọ́tò ti ń lọ sílẹ̀. Ó wá tò ó sílẹ̀ fún Mọ́mì: ìbátan òun kan ní Ìbàdàn ti bá ilé ìwé ibẹ̀ sọ̀rọ̀, òun fúnra òun á bá wa lọ, òun á lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní pásípọ́ọ̀tù mi á bá òun padà bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè dá mi padà. Mọ́mì ní òun ò tíì gbà tán o, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó dópin ọ̀sẹ̀. Dádì ní kó rò ó dáadáa.

Èmi wà lẹ́yìn wọn. Mo ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi gẹ̀ẹ́sì bi Mọ́mì pé kí ni Dádì ń sọ. Mọ́mì ò bojú wẹ̀yìn. Ó fi gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé Dádì ní oòrùn òní dára. Mo yíjú sí Màmá, ẹni tó mọ̀ pé mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe.

A dé ọgbà náà. Wọ́n ya kìnnìún ràgàjì sára pátákó ẹnu ọ̀nà, tó yọ eyín síta. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gba owó ní kìnnìún ti kú, pé arúgbó ni, pé wọn ò tíì rí òmíràn. Dádì ní kí ló dé tí wọn ò pa á rẹ́ lára pátákó. Ọmọ náà ní òun ò mọ̀. Inú bí Dádì, ó yí ojú rẹ̀ kiri, ó rí ibi tí wọ́n ti ń ta áísìkiriìmù, ó sì ní kí n wá yan èyí tó wù mí. Èmi nìkan ló kọ́kọ́ pè. Àbúrò mi ní ó tì o, òun náà fẹ́, ìgbà yẹn ni wọ́n tó ra tirẹ̀.

Ohun tó wà nínú ọgbà náà ò tó nǹkan. Béárì kan sùn, ó kọ ìdí sí wa. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú kan náà títí koríko ibẹ̀ fi pá. Òwìwí kan wà tí apá rẹ̀ ti dá. Ràkúnmí kan wà tí irun rẹ̀ ń já bọ́ bí tìmùtìmù tó ti gbó. Láàárín gbùngbùn gbogbo rẹ̀, níbi tí èrò pọ̀ sí jù, ewúrẹ́ ló wà. Ewúrẹ́ dúdú, ewúrẹ́ funfun, abilà. Àwọn òyìnbó tò, wọ́n ń fi oúnjẹ sínú ọwọ́, wọ́n ń bẹ ewúrẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ ẹ́.

Màmá dúró, ó fọwọ́ sí ìbàdí. "Ewúrẹ́," ni ó wí. "Ẹ gbé mi la òkun kọjá, ẹ wá kó mi wá wo ewúrẹ́." Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin mú. Màmá ní nílé òun, oúnjẹ alẹ́ èèyàn ni ewúrẹ́ ń jẹ, kò sì ní dúpẹ́, òkúta lèèyàn fi ń lé e. Ó bi Dádì bóyá adìyẹ náà wà níwájú tí a máa fọwọ́ pa lórí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín, nítorí obìnrin náà ń pani lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rántí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí mo ṣe ń lá áísìkiriìmù mi. Dádì ò ṣeé bẹ̀. Ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ pásípọ́ọ̀tù ti parí ìrònú tirẹ̀. Màmá ni mo kọ́kọ́ gbójú lé. Bí Màmá bá ní òun ò mú mi lọ, ta ló máa gbé mi lé e lórí? Àgbà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì máa ń borí nílé wa. Bí ti Màmá bá yẹ̀, ó ku Mọ́mì, tó ti sọ fúnra rẹ̀ pé òun ò tíì gbà tán.

Níbi àgò ọ̀bọ, ọ̀bọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó jókòó sórí táyà. Ọmọbìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èkejì ń géni jẹ, wọ́n sì ti gbé e lọ síbòmíràn. Dádì bi í bóyá ara èyí tí wọ́n gbé lọ ti balẹ̀ níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní òun ò mọ̀, pé iṣẹ́ ìsinmi lásán lòun ń ṣe. Dádì wá túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Ó ní, "Èyí tó ń géni jẹ, wọ́n ti mú un kúrò. Ẹ ò rí i, òyìnbó gan-an mọ̀ ọ́n ṣe." Àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò mí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tún wo ọ̀bọ padà.

Àbúrò mi fẹ́ tọ̀. Dádì àti Mọ́mì mú un lọ, ó ku èmi àti Màmá lórí bẹ́ǹṣì. Mo rọra bi í ní Yorùbá pé ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa fi mí sílẹ̀ sí Ìbàdàn. Mo ní kó bá mi sọ fún Dádì, kó ní òun ti dàgbà, òun ò lè tọ́jú ọmọ mọ́.

Màmá tú adìyẹ kan jáde nínú bébà, ó yọ egungun rẹ̀, ó fún mi ní ẹran rẹ̀. Ó ní kí n jẹun. Ó wá ní, "Èmi ni mo tọrọ rẹ lọ́wọ́ wọn."

Ó sọ ọ́ láìyí ojú. Ó ní ilé tí bàbá bàbá mi kọ́ ní yàrá mẹ́jọ, òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Ó ní gbogbo ọmọ òun ló ti gba ìlú òyìnbó lọ, bí òun bá kú mọ́jú, àfi ìgbà tí aládùúgbò bá gbóòórùn. Ó ní láti ọdún tó kọjá lòun ti ń sọ fún Dádì pé kó fún òun ní ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, Mọ́mì ló ń fà á sẹ́yìn, obìnrin ìjọba tó wá sílé ló bá òun ṣí ọ̀nà. Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ èmi. Ó ní ọkùnrin ò ṣeé rán níṣẹ́. Ó ní, "O rò pé nítorí kí ni mo ṣe ń kọ́ ọ ní Yorùbá látìgbà òtútù? Ẹni tí mi ò bá lè bá sọ̀rọ̀, kí ni mo fẹ́ fi í ṣe?"

Inú bí mi sí i débi pé bí mo bá lágbára ni, n ó tì í sínú àgò ọ̀bọ yẹn. Gbogbo alẹ́ yẹn, gbogbo ìtàn adìyẹ àti ìyàwó yẹn, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń tọ́. Ó sì nífẹ̀ẹ́ mi o. Mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Ó nífẹ̀ẹ́ mi bí èèyàn ṣe ń nífẹ̀ẹ́ ọ̀pá tó ń tì rìn.

Ó wá ku Mọ́mì. Mo dìde, mo wá a lọ. Ó ti wà nídìí ọgbà ewúrẹ́ pẹ̀lú Dádì àti àbúrò mi. Oúnjẹ ewúrẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ewúrẹ́ funfun kan ń lá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mi ò rí i rí kí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí obìnrin ìjọba ti wá. Mo sọ fún ara mi pé ìgbà tó dára jù nìyí. Mo sì rò pé bí mo bá fi gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́, á dà bí ìgbà tí mo ń gbó o lẹ́nu. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tó fẹ́ kí n jẹ́.

Mo kúnlẹ̀. Lórí òkúta wẹ́wẹ́ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́, pẹ̀lú gbogbo òyìnbó yẹn lórí ìlà, mo kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dárí jì mí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀ sí Ìbàdàn. Mi ò ní fẹjọ́ yín sun ẹnikẹ́ni mọ́."

Oúnjẹ ewúrẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. Obìnrin òyìnbó kan fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Mọ́mì ń wò mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń bọ̀ wá fà mí dìde, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti yí padà. Mo fi gbogbo ohun tí mo ní búra, ó ti yí padà. Bí ó bá jẹ́ pé àwa méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀, ilé la óò jọ lọ.

Dádì ló bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ìyẹn ni mi ò tíì lè dárí jì. Ẹ̀rín ayọ̀ ni. Ó pàtẹ́wọ́, ó ké sí Màmá níbi tó jókòó sí pé kó wá gbọ́, pé ẹ̀yin ìyá yìí, iṣẹ́ yín ti jẹ́. Ó ní gbogbo ohun tí àwọn sọ lọ́nà ni ọmọ yìí gbọ́, tó sì dákẹ́ bí àgbà. Ó wá yíjú sí Mọ́mì. Ó ní, "Inú yàrá kan ṣoṣo rèé o, láàárín oṣù mélòó kan. Tó bá wá lo ọdún mélòó kan ní Ìbàdàn ńkọ́?"

Mọ́mì nu ojú rẹ̀. Ẹ̀rín ti ń yọ lábẹ́ omijé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá tèmi dọ́gba, ó sì ní, "Tún un sọ, jẹ́ kí n gbọ́."

Mo rò pé ó ń rò ó wò ni. Mo tún un sọ. Mo tiẹ̀ tún un ṣe dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo fi kún un pé ẹ ṣàánú mi, ẹ̀yin ìyá mi, gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe máa ń sọ ọ́ bó bá ń gbàdúrà. Mọ́mì fà mí mọ́ra. Òórùn ọṣẹ ọsibítù wà lára rẹ̀, bó ṣe máa ń wà. Láti orí èjìká mi ló ti sọ fún Dádì pé, "Ó dáa. Ẹ máa mú un lọ."

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fi gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ ní ilé ìwé, wọ́n ní wọ́n máa gbé mi lọ. Mo fi Yorùbá bẹ̀bẹ̀ nídìí ewúrẹ́, wọ́n gbé mi lọ. Kí ni kí ọmọ wá fi sọ̀rọ̀? Dádì ra áísìkiriìmù kejì fún mi, mo mú un dání títí ó fi yọ́ ṣàn dé ìgúnpá mi, ewúrẹ́ kan sì yọ ahọ́n gba inú irin, ó lá a.

Wọ́n gbé mi lọ bí wọ́n ṣe wí. Dádì lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Màmá rán mi lọ ra iyọ̀. Mo jẹ mángòrò. Mo bu omi, mo kúnlẹ̀, mo fún Màmá. Mo di ọmọ tí gbogbo àdúgbò fi ń bá ọmọ tiwọn wí. Ní ọjọọjọ́ Sọ́ńdè, Mọ́mì máa ń pè láti ṣọ́ọ̀ṣì, á gbé ohùn fóònù sókè, á ní kí n kí àwọn ẹ̀gbọ́n òun nínú ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó sì máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo pé ẹ gbọ́ ọmọ yìí, ẹ gbọ́ ọmọ yìí. Ìgbà tí Màmá kú, èmi ni mo bá a níbẹ̀ láàárọ̀, kí aládùúgbò tó gbóòórùn. Ó rí ohun tó fẹ́ gbà.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni wọ́n ní kí n máa bọ̀. Ọdún mẹ́fà ti kọjá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá pàdé mi ní èèpọ́ọ̀tù. Mo kúnlẹ̀ fún wọn lórí ilẹ̀ dídán yẹn, Mọ́mì sì wo ọ̀tún, ó wo òsì, kó lè rí ẹni tó ń wò wá. Àbúrò mi ti ga jù mí lọ. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí àlejò, ó sì bi Mọ́mì bóyá mo ṣì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n ti ra ilé sí Lake Arbor. Ọ̀nà ibẹ̀ la gbà. Èmi àti àbúrò mi wà lẹ́yìn, a ò ní nǹkan kan tí a lè sọ fún ara wa. Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá bá Mọ́mì sọ̀rọ̀. Ó ní ilé ìwé tún pe òun lánàá nítorí ọmọkùnrin yìí, pé ẹnu rẹ̀ ti ń gùn jù, pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ òun lójú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ẹ wo èyí tó dé yìí, ẹ wo bó ṣe kúnlẹ̀. Ó ní kí àwọn ti ń múra Kérésìmesì sílẹ̀, ìbátan òun yẹn ṣì wà ní Ìbàdàn. Mọ́mì ní òun á rò ó. Wọn ò fi pamọ́ fún mi. Mo ti wà lẹ́yìn kọ́tìnnì pẹ̀lú wọn.

Àbúrò mi yọ nǹkan tó fi dí etí. Ó fi gẹ̀ẹ́sì bi Mọ́mì pé kí ni Dádì ń sọ nípa òun. Mọ́mì ò bojú wẹ̀yìn. Ó ní Dádì ní inú òun dùn pé gbogbo wa ti pé.

Mo sọ fún un. Mo fi gẹ̀ẹ́sì là á mọ́lẹ̀ ketekete, pé wọ́n fẹ́ mú un lọ sí Ìbàdàn ní Kérésìmesì, wọ́n á sì fi í síbẹ̀, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ á sì bá Dádì bọ̀. Ọmọ náà wò mí. Ó wo ẹ̀yìn orí Mọ́mì. Ó bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ pé mo mọ àwàdà ṣe báyìí.

Dádì wò mí nínú dígí, ó sì bá a rẹ́rìn-ín. Ó wá bi í bóyá kí òun dúró níwájú níbẹ̀ yẹn, kí òun ra áísìkiriìmù fún un.